Ọ̀nà Tí Kò Ní Àpò: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Àtúnṣe Ọ̀nà àti Ààbò Ẹ̀mí ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Upenmen



A mọ irú ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibí. Nítorí náà, a kò wá láti sọ fún yín pé ọ̀nà bàjẹ́. Ẹni tí ó ń jẹ ìyà kan kò nílò kí àlejò wá ròyìn rẹ̀ fún un. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ là yé yín: ta ni ó ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, níbo ni owó tí ó yẹ kí a fi tún un ṣe wà, àti kí ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nípò. A kò ní bú ẹnikẹ́ni. Èébú kò dí kòtò.

Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ kì í ṣe àlejò nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951, ní ìlú Ọ̀wọ̀, ni a fi ẹgbẹ́ Action Group lọ́lẹ̀ ní gbangba, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 di 1983, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ìjọba ológun fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní 1966, ẹgbẹ́ náà sì di ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí kò yẹ kí ó di ìtàn. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n ti fi ọdún bíi méjì àti ààbọ̀ ṣírò iye olùkọ́ àti iye ilé-ìwé tí a ó nílò, wọ́n sì ti wá ibi tí owó yóò ti jáde. Bí a ti ṣe sí ilé-ìwé nígbà náà ni a fẹ́ kí a ṣe sí ọ̀nà nísinsìnyí. Ìlérí tí a kò kọ owó rẹ̀ tì í, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

OWÓ ORÍ TÍ KÒ NÍ ÌWÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀nà búburú ń gbà lọ́wọ́ wa.

Láti 1954, Ìgbìmọ̀ tí ń ta irè oko ní Ìwọ̀ Oòrùn ni ó ń ra kòkó àwọn baba yín. Iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí ó ń tà á lókè òkun, nínú èrè náà ni ìjọba sì ti ń mú owó sí ilé-ìwé, sí ọ̀nà àti sí iṣẹ́ mìíràn. Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965 ń jẹ́rìí sí agbára owó náà títí di òní. Ní 1986, ìjọba tú irú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ẹni tí ó bá wù yín ni ẹ ń ta kòkó sí. Ǹjẹ́ ẹ wá bọ́ lọ́wọ́ owó ọ̀nà bí? Rárá o. Ọ̀nà búburú fúnra rẹ̀ ni ó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọlọ́kọ̀ ń gba ₦1,000 lórí àpò kan níbi tí ọ̀nà ti dára, tí ó sì ń gba ₦3,000 níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. ₦2,000 tí ó lé yẹn, owó orí ni. Àgbẹ̀ ni ó san án, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé kankan tí ó kọ ìwé fún un. Kò sì bọ́ sí àpò ìjọba kankan. Inú ẹrẹ̀ ni ó rì sí, pẹ̀lú táyà tí ó bẹ́ àti epo tí ó jò dànù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kòkó fúnra rẹ̀. A ó ṣẹ́ ẹ, a ó bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, a ó sá a kí ó gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ, tí òjò sì dí ọ̀nà, tí àpò wà nílẹ̀ nínú ilé oko, ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, èbu á bù ú, ẹni tí ó fẹ́ rà á á sì dá iye tí ó wù ú lé e. Ní 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí a kò rí rí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ọ̀nà oko rẹ̀ dí kò bá ọjà àgbáyé sọ̀rọ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí ó lè la ẹrẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó bá sọ̀rọ̀, ọjà kan ṣoṣo yẹn ni ó sì tà. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tilẹ̀ ní sùúrù tó kòkó; bí wọ́n bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ti di ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ.

Ẹ̀MÍ TÍ Ó WÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Owó ṣì ṣe é wá. Ẹ̀mí ńkọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023 pé nǹkan bíi 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lọ́dún kan, àti pé òun ni ó ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ní ilẹ̀ wa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kà á pé ènìyàn 5,421 ni ó kú lójú ọ̀nà ní 2024. Iye tí a kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé kúrò lójú ọ̀nà abúlé, tí ó kú sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ta ni ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀?

Ní agbègbè tiwa, ẹ̀rù mìíràn tún wà pẹ̀lú èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn dá Kábíyèsí Ọba Israel Adéusí, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, lọ́nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ká, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé ní Àkúrẹ́, wọ́n sì fi ìbọn gba ẹ̀mí wọn. Bí ọ̀nà bá lè di ibi tí a ti ń pa ọba, kí ni kí ìyá tí ó ru ẹrù lọ sí ọjà máa rò? A kò sọ pé kòtò ni ó pa Kábíyèsí. Ohun tí a ń sọ, gbogbo awakọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n: ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ rọra nítorí kòtò, tí igbó sì ti bo etí ọ̀nà, ibẹ̀ ni ajínigbé fẹ́ràn láti ba sí. Nítorí náà, àtúnṣe ọ̀nà àti ààbò ẹ̀mí, iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ń sapá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ há sínú ẹrẹ̀ kò lè lé olè bá.

TA NI Ó NI Ọ̀NÀ?

Láyé Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ìpele mẹ́ta ni a pín ọ̀nà sí: ọ̀nà A fún Ìjọba Àpapọ̀, ọ̀nà B fún ìjọba ẹkùn, ọ̀nà C fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ẹkùn ti di ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín mẹ́ta náà ṣì wà. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Àkúrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀, tí ó gba Ìfọ́n lọ sí Bìní, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Púpọ̀ nínú ọ̀nà tí ó so ìlú mọ́ ìlú nínú ìpínlẹ̀, tí a kò kà mọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ni. Ọ̀nà àdúgbò, ọ̀nà abúlé, gọ́tà inú ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ ni Ìwé Òfin ọdún 1999 gbé wọn lé lọ́wọ́.

Gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà. Nǹkan bíi 35,000 péré ni ti Ìjọba Àpapọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìyókù, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí ń sọ: ọ̀nà tí irè oko kọ́kọ́ ń gbà jáde wà lọ́wọ́ ìjọba tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ.

Nítorí pé a kò mọ olówó ọ̀nà, ẹni tí kò ni ín ni a máa ń bẹ̀, ẹni tí ó ni ín á sì máa sùn. Ìbílẹ̀ á ní ti ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ á ní ti Àbújá ni. Àbújá á ní gbèsè tí àwọn ti ìṣáájú jẹ ni kò jẹ́. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ọdún á yí po, òjò á tún dé, kòtò á sì tún jìn sí i.

NÍBO NI OWÓ WÀ?

Owó tí ó ń wọ àpò àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí owó VAT tí ó ní ìpín tirẹ̀, a máa ń pín in lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìdá ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ní epo rọ̀bì. Nínú ₦100 tí ó bá kù, Ìjọba Àpapọ̀ a gba ₦52.68, àwọn ìpínlẹ̀ a gba ₦26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ a gba ₦20.60.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìpín àwọn ìbílẹ̀ fi ń gba ọwọ́ gómìnà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 fún wọn tààrà, àti pé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ni ó tọ́ kí ó máa ná an. Ìdájọ́ náà kò dí kòtò kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba àwáwí kan lẹ́nu àwọn alága. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà nínú wọn. Ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó lọ sí ọ̀nà.

Owó kejì wà nínú epo ọkọ̀. A dá àjọ FERMA sílẹ̀ ní 2002 láti máa tún ọ̀nà Ìjọba Àpapọ̀ ṣe. Nígbà tí a tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2007, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a máa yọ ìdá 5 nínú 100 lórí iye tí a ń ta bẹtiróòlù àti dísù, kí 40 nínú 100 owó náà jẹ́ ti FERMA, kí 60 sì lọ sí àwọn àjọ tí ń tún ọ̀nà ṣe ní ìpínlẹ̀. Ọdún gorí ọdún. Òfin wà nínú ìwé, owó kò wà nínú àpò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, ìdá 5 lórí epo sì tún yọ jáde nínú rẹ̀. Òfin náà sọ pé kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí Mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀, tí a sì tẹ àṣẹ náà sínú ìwé ìkéde ìjọba.

Níbi yìí ni kí a ti la ojú wa. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ẹ̀yin ni ẹ ń san iyàtọ̀ rẹ̀ nínú owó ọkọ̀. Bí a bá tún fẹ́ yọ ìdá 5 sí i, inú àpò wo ni yóò bọ́ sí? Bí ó bá jẹ́ àpò ńlá tí gbogbo ìnáwó ń jáde nínú rẹ̀, àwa kò fara mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ àpò ọ̀nà nìkan, tí a fi òfin dì í lẹ́nu, tí a sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ará ìlú, ẹ jẹ́ kí a jókòó gbìmọ̀ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà fi òfin dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1997. Owó lórí epo wà lára ohun tí ń wọ inú rẹ̀, àtúnṣe ọ̀nà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2017, wọ́n ṣe òfin mìíràn tí ó fi ìwọ̀n sí ohun tí irú àwọn àpò bẹ́ẹ̀ lè gbà, kí ìjọba lè mú ìyókù lọ síbòmíràn. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, ó ṣe é ṣe. Èkejì, bí a kò bá ṣọ́ ẹnu àpò, ọwọ́ yóò wọ̀ ọ́.

OHUN TÍ Ó Ń PA Ọ̀NÀ

Ẹnìkan lè béèrè pé: ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, èé ti ṣe tí ó tún ń bàjẹ́ kíákíá? Ọ̀tá méjì ni ọ̀nà ní: omi àti ẹrù àpọ̀jù.

Àgbàrá kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Bí ojú ọ̀nà bá ga láàrin, tí gọ́tà sì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, omi á ṣàn lọ. Bí gọ́tà bá dí, omi á dúró, á wọ abẹ́ ọ̀dà, á sọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ di ọ̀pọ̀tọ́, táyà á sì ya ìyókù. Ìhò kékeré tí ọwọ́ kan lè dí lónìí, tírélà méjì yóò gbé inú rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀.

Ní ti ẹrù, láàrin 1958 àti 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò kan ní Illinois. Wọ́n la ọ̀nà fún ìdánwò, wọ́n ń fi ọkọ̀ ẹrù sáré lórí rẹ̀, wọ́n sì ń wọn bí ó ti ń bàjẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí ìwúwo tí ó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà kì í di méjì lásán. Ó ń sún mọ́ ìlọ́po 16. Nítorí náà, olówó tírélà kan tí ó di ẹrù àdìjù ń jẹ èrè tirẹ̀, ó sì ń kó gbèsè lé gbogbo wa lórí.

Àwọn àgbà tí ó wà níbí rántí àwọn òṣìṣẹ́ PWD. Wọ́n ní àgọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń kó gọ́tà, wọ́n ń dí ihò kí ó tó di kòtò. Iṣẹ́ náà kò gbayì, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ọ̀nà pẹ́. Lóde òní, ìjọba fẹ́ràn láti ṣí ọ̀nà tuntun pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò. Kò sí ẹni tí ń lù ìlù nítorí gọ́tà tí a kó. Ohun tí a kò lù ìlù fún, a kì í ya owó sọ́tọ̀ fún un. Bí ọ̀nà ṣe ń kú nìyẹn.

OHUN MẸ́RIN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Èkínní: kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ kọ orúkọ gbogbo ọ̀nà tí ó wà lábẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún náà. Bí ọdún bá parí, kí wọ́n tún kọ iye tí wọ́n ná níti gidi.

Èkejì: kí owó àtúnṣe ní àpò tirẹ̀, yàtọ̀ sí owó ọ̀nà tuntun, ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí owó epo náà bá bẹ̀rẹ̀, kí a fi òfin dè é mọ́ ọ̀nà, kí ìpínlẹ̀ sì rí ìpín tirẹ̀ gbà.

Ẹ̀kẹta: kí a gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé síṣẹ́ bí ti PWD àtijọ́, kí olúkúlùkù ní ìwọ̀n ọ̀nà tí yóò máa tọ́jú. Iṣẹ́ ni fún wọn, ẹ̀mí ni fún wa. Kí wọ́n kọ́kọ́ gé igbó etí ọ̀nà àti kí wọ́n kọ́kọ́ dí kòtò níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá tọ́ka sí pé ó léwu.

Ẹ̀kẹrin: kí a gbé ìwọ̀n ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà ńlá, kí tírélà tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe kí a gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ kí a sì ní kí ó máa lọ.

IṢẸ́ TIWA

A kò lè tọ́ka sí ìjọba kí a sì gbàgbé ara wa. Ẹni tí ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ń ba ọ̀nà jẹ́. Ẹni tí ń jó táyà lórí ọ̀dà ń jó owó tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ń sá láfún àti kòkó sí ojú ọ̀nà ọlọ́dà, a mọ̀ pé ibẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó yà fún láfún lè má yà fún ọmọ. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fi paraga sílẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ̀yin èrò, ẹ má dákẹ́ bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a ní iṣẹ́ kan fún yín kí ìpàdé mìíràn tó dé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọ̀nà tí ó ń lò sílẹ̀, kí ó wádìí olówó rẹ̀, kí ó sì kọ lẹ́tà sí olówó náà, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ tiwa ni ó wà nípò níbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ mìíràn. Kòtò kò mọ ẹgbẹ́. Kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí èsì dé sí i lára.

Ìgbà ìbò yóò sì tún dé. Wọn yóò wá, wọn yóò ṣe ìlérí. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ó ṣe ọ̀nà wa?” Gbogbo wọn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé: “Ọ̀nà wo? Inú àpò wo ni owó rẹ̀ yóò ti jáde? Ta ni yóò máa kó gọ́tà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì?” Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ fún un pé kí ó rọra padà lọ, nítorí pé ọ̀nà kò dára.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, oko ò ní pa yín o. Ọ̀nà náà ò sì ní pa yín.